Géèmù Ojú Kọ̀ǹpútà Nínú Awò VR: Àgbéyẹ̀wò Láti Iléṣà

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn géèmù tó wà lórí kọ̀ǹpútà ni wọn kò ṣe fún awò VR. Ojú pẹlẹbẹ ni wọ́n ṣe wọ́n fún, pé kí èèyàn jókòó, kó tẹjú mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, kó sì fi máòsì tàbí páàdì darí ohun tó ń rí. Awò VR ń béèrè ohun mìíràn. Awò ńlá tí à ń fi okùn dè mọ́ orí ni, ó bo ojú méjèèjì pátápátá, ẹyinjú kọ̀ọ̀kan sì ní àwòrán tirẹ̀ tó ń wò. Ó fẹ́ kí ayé inú géèmù yí èèyàn ká, kó yíjú sọ́tùn-ún kó rí ohun tó wà lọ́tùn-ún, kó bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni bóyá a lè mú géèmù ojú pẹlẹbẹ wọnú awò yìí kó sì dára, pàápàá fún ẹni tó ń gbé Iléṣà, tó ní kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, tí NEPA ń mú iná wá nígbà tó bá wù wọ́n. Èrò mi ni pé ó ṣeé ṣe, ó sì ti dára ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Àmọ́ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa kọ́kọ́ ń náwó lé kọ́ ló ń mú un dára.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ díẹ̀. Níbi ìpàtẹ géèmù E3 ti ọdún 2012 ní Los Angeles, John Carmack, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe géèmù Doom, gbé awò kan han àwọn oníròyìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Palmer Luckey ló tò ó pọ̀. Doom 3 ni Carmack fi sínú awò náà, géèmù tó ti jáde láti 2004, tí wọ́n sì ṣe fún ojú pẹlẹbẹ. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ àtúnṣe ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Luckey tọrọ owó lọ́wọ́ aráyé lórí Kickstarter, wọ́n sì dá ohun tó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là fún un. Ní 2014, Facebook ra ilé iṣẹ́ rẹ̀, Oculus, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì dọ́là. Ní 2016, Oculus Rift àti HTC Vive dé ọjà.

Ọdún 2016 yẹn náà ni Judith Okonkwo dá Imisi 3D sílẹ̀ ní Èkó, láti kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà bí a ṣe ń ṣe nǹkan inú VR. Ní 2019, Joel Kachi Benson gba ẹ̀bùn níbi àjọ̀dún fíìmù Venice pẹ̀lú Daughters of Chibok, fíìmù VR tó ṣe nípa àwọn ìyá tí wọ́n jí ọmọ wọn gbé. Inú mi dùn sí àṣeyọrí wọ̀nyí, mo sì rò pé kò yẹ kó yani lẹ́nu pé fíìmù ló ṣáájú géèmù lọ́dọ̀ wa. Fíìmù VR ti wà ní yíyà tẹ́lẹ̀, awò kékeré tàbí fóònù lè gbé e. Géèmù orí kọ̀ǹpútà ní láti ya ayé rẹ̀ tuntun ní gbogbo ìgbà tí orí bá yí, káàdì àwòrán tó lágbára ló sì ń ṣe ìyẹn. Owó káàdì yẹn ló dí ọ̀nà mọ́ ọ̀pọ̀ lára wa.

Káàdì nìkan kọ́, àkókò ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ojú kọ̀ǹpútà lásán ń gba àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá já sí 40, eléré á kùn díẹ̀, á sì máa bá eré rẹ̀ lọ. Awò VR kò gbà bẹ́ẹ̀. Rift àti Vive ìgbà náà ń béèrè 90. Àwọn awò Quest ti Facebook yìí kan náà, tó ń jẹ́ Meta báyìí, ìyẹn Quest 2, tó jáde ní 2020, àti Quest 3, tó jáde ní 2023, lè lo 72, 90 tàbí 120. Ní 90, bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, 11 péré nínú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ní láti fi ya àwòrán ojú ọ̀tún àti ti òsì. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, orí ti yí, ayé inú awò kò tíì yí, ara á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ jù ní àmì iná 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró, àpapọ̀ rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì. Quest 3 ní 2064 lọ́nà 2208 fún ojú kan, ìyẹn sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án fún ojú méjèèjì. Tí a bá tún rántí pé 90 ni dípò 60, iṣẹ́ tó wà lọ́rùn káàdì àwòrán ti lé ní ìlọ́po mẹ́fà. A kò tíì ka àfikún tí dígí inú awò ń béèrè, nítorí dígí náà ń tẹ àwòrán, kọ̀ǹpútà sì ní láti ya á tóbi díẹ̀ kó lè tọ́ nígbà tó bá dé ojú. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé laptop òun ń gbé géèmù kan dáadáa kò tíì sọ ohunkóhun nípa VR.

Wọ́n ti wá ọgbọ́n sí èyí o. Oculus gbé Asynchronous Spacewarp jáde ní 2016, Valve, tó ni ọjà géèmù Steam, sì gbé Motion Smoothing tirẹ̀ jáde ní 2018. Bí kọ̀ǹpútà kò bá lè yà ju 45 lọ, ètò wọ̀nyí á wo àwọn àwòrán tó ti kọjá, wọ́n á fòye mọ ibi tí nǹkan ń lọ, wọ́n á sì fúnra wọn ya èyí tó kù. Nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń fò jẹ́jẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Nínú géèmù ìjà, etí nǹkan á máa gbọ̀n, ọwọ́ ẹni á máa yọ́ bí ó bá ń yára. Ìmọ̀ràn tèmi fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lágbára púpọ̀ ni kó fi awò sí 72, kó sì dín ẹwà géèmù kù títí 72 yẹn á fi máa lọ déédéé. Bí onílù bá ń lù díẹ̀díẹ̀ tí kò já, oníjó á jó. Bó bá ń lù kíkankíkan tó ń já, ẹsẹ̀ á dàrú. Òjìji ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù, nítorí òun ló ń jẹ agbára jù tí ojú kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ lo DLSS bí káàdì bá jẹ́ RTX ti Nvidia, tàbí FSR ti AMD, tó ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì oríṣiríṣi. Àwọn méjèèjì ń ya àwòrán kékeré, wọ́n á sì sọ ọ́ di ńlá.

Ní ti géèmù fúnra rẹ̀, àwọn tó dùn jù lójú mi ni èyí tí èèyàn ti ń jókòó nínú nǹkan: ọkọ̀ ìdíje nínú Assetto Corsa, ọkọ̀ akẹ́rù nínú Euro Truck Simulator 2, ọkọ̀ ogun òfuurufú nínú DCS World, ọkọ̀ ojú sánmà nínú Elite Dangerous. Ojú pẹlẹbẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe wọ́n ti fi VR sí i fúnra wọn, kò sí pé à ń wá ẹni tó máa bá wa tún un ṣe. Èèyàn jókòó lórí àga ní tòótọ́, ó sì jókòó nínú géèmù náà, ara àti ojú bára mu. Páàdì tàbí ìtọ́kọ̀ tó ti ní nílé ló ń lò. Ẹni tó ń lé mọ́tò kiri ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ mọ̀ bí a ṣe ń yọrí wo ẹ̀gbẹ́ kí a tó yà kọjá. Nínú awò, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rí, dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wà níbi tó yẹ kó wà, ìjìnnà ọkọ̀ iwájú sì hàn kedere. Kò sí ojú kọ̀ǹpútà tó lè fúnni níyẹn, bó ti wù kó tóbi tó.

Microsoft Flight Simulator wà lára wọn, wọ́n fi VR sí i ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Gbogbo ayé ló wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà sì wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn òkè ìhà Ẹ̀rìn. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ ayé yẹn ń wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì bí ọkọ̀ ṣe ń fò, géèmù náà sì wúwo fún káàdì tó lágbára pàápàá. Kì í ṣe òun ló yẹ kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn géèmù yòókù, tí ẹni tó ṣe wọ́n kò ronú kan VR rárá, ni iṣẹ́ ńlá wà nínú wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ẹnì kan tó ń lo orúkọ praydog gbé UEVR jáde lọ́fẹ̀ẹ́, òun ló sì yí ọ̀rọ̀ yìí padà jù lọ. Àìmọye géèmù ni wọ́n fi Unreal Engine kọ́. Ilé iṣẹ́ Epic, tó ni Unreal, ti fi ohun tí VR nílò sínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà ó ń sùn nínú géèmù tí kò lò ó. UEVR á wọnú géèmù náà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, á sì jí ohun tó ń sùn yẹn. Ìdí nìyẹn tí ètò kan ṣoṣo fi lè ṣí ilẹ̀kùn fún géèmù tó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá bọ́ sí i, ojú méjèèjì á gba àwòrán tòótọ́ tó yàtọ̀ síra, jíjìn àti nítòsí á sì hàn bó ṣe yẹ. Ó tún lè so ìbọn tàbí idà mọ́ ọwọ́ eléré, ṣùgbọ́n ìyẹn ń gba ìtúnṣe géèmù kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn sì ń pín ètò tí wọ́n ti tún ṣe fún ara wọn. Praydog yìí kan náà ló ṣe REFramework, tó mú Resident Evil 2, 7 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn wọnú VR. Ẹ̀rù Resident Evil nínú awò kì í ṣe fún gbogbo èèyàn o. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Ibi tí UEVR ti ń kùnà kò ṣòro láti mọ̀. Géèmù Unreal 5 tó ń lo ìmọ́lẹ̀ Lumen wúwo lójú pẹlẹbẹ, nínú awò ó lè borí káàdì tí ọ̀pọ̀ wa ní. Àwọn nǹkan kan, bí òjìji tàbí ìmọ́lẹ̀, lè hàn ní ojú kan kó má hàn ní ìkejì, ìyẹn sì ń rẹ ojú. Àwòrán ìtàn àárín géèmù, níbi tí kámẹ́rà ti ń gbé orí èèyàn lọ láìbéèrè, ni ó ń dá òòyì sílẹ̀ jù. Fún laptop tó ní RTX 3060, géèmù Unreal 4 ni mo máa dúró lé.

Luke Ross gba ọ̀nà mìíràn. Ó tún àwọn géèmù ayé gbalasa ṣe, títí kan Cyberpunk 2077, tí kò sí Unreal nínú rẹ̀. Ó ń ya ojú kan nínú àwòrán yìí, ojú kejì nínú èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ káàdì á fi dín kù. Ó gbọ́n, àmọ́ nǹkan tó bá ń sáré kọjá á máa pín sí méjì lójú. Owó ló gbà fún iṣẹ́ náà, ní 2022 sì ni Take-Two, tó ni Grand Theft Auto, fi òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ dá a lọ́wọ́ kọ́, ó sì yọ ti àwọn géèmù wọn kúrò. Mo gbà pé ẹni tó ṣiṣẹ́ yẹ kó jẹun. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi owó rẹ̀ sí irú àtúnṣe yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn tó ni géèmù lè dá a dúró lọ́jọ́kọ́jọ́.

VorpX ni àgbà gbogbo wọn, Ralf Ostertag láti Jámánì ló ṣe é, ó sì ti wà láti 2013. Ó ń bá àwọn géèmù àtijọ́ tí kò sí ẹlòmíràn tó kà wọ́n sí ṣiṣẹ́. Lónìí, bí géèmù kan bá ní ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà mìíràn náà ni kí ẹ tọ̀.

Fún ẹni tí káàdì rẹ̀ ti dàgbà, Half-Life 2 ni mo máa kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn kan gbé àtúnṣe VR rẹ̀ sórí Steam lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ti ra géèmù náà. Ọwọ́ ló ń gbá ìbọn mú, ọwọ́ ló ń pààrọ̀ ọta. Géèmù 2004 ni, nítorí náà kò béèrè káàdì ńlá, ó sì dára ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n tà gẹ́gẹ́ bí ojúlówó VR lọ. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń rí ìyàtọ̀ láàárín kí wọ́n fi géèmù sínú awò lásán àti kí wọ́n tún un kọ́ fún ọwọ́ àti orí.

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ó jọ pé òun ni géèmù tí ìlú yìí fẹ́ràn jù. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ilé géèmù fi ń kún lọ́sàn-án Sátidé. Kò sí ohun tí VR fi kún bọ́ọ̀lù tí à ń wò láti òkè pápá. Fún irú rẹ̀, ẹ fi awò ṣe sinimá: Virtual Desktop tàbí Steam Link á gbé ojú kọ̀ǹpútà síwájú yín bí ògiri ńlá, géèmù á sì wà bó ṣe wà, láìsí òòyì. Mi ò ka èyí sí ìfàsẹ́yìn rárá. Géèmù tí kò ní ohun tó máa jèrè nínú VR kò yẹ kí a fi tipátipá fà wọ̀ ọ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó wàyí. Quest 3S jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ní $299. Bí dọ́là kan bá jẹ́ 1,500 náírà, nǹkan bíi 450,000 náírà nìyẹn, ó sì lé ní owó oṣù mẹ́fà ẹni tó ń gba 70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe owó oṣù tó kéré jù. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, $299 kan náà kò tó 145,000 náírà ní iye tí báńkì ń ṣẹ́ dọ́là. Ìlú òṣómàálò ni wá, a mọ bí a ṣe ń ta ọjà àwìn kí a máa gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn oníṣòwò kan sì ń tà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ra awò kí ẹ tó yẹ kọ̀ǹpútà wò. Àwọn HP EliteBook àti Dell Latitude tòkunbọ̀ tó kún ọjà dára fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Iléṣà ló sì ń lo irú wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò ní káàdì àwòrán tó dá dúró, wọn kò sì lè ṣe iṣẹ́ yìí láé. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó ra awò lówó gọbọi tán kó tó béèrè ìyẹn. Nígbà tí Rift jáde ní 2016, GTX 970 ni Oculus ní kí èèyàn ní; mo ṣì gbà pé kí ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ fi owó rẹ̀ sí káàdì kó tó kan awò.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn ń ṣì lóye. Wọ́n gbọ́ pé awò lè gba géèmù lórí Wi-Fi láti ara kọ̀ǹpútà, wọ́n sì rò pé dátà ló ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti kọ̀ǹpútà sí ráútà, láti ráútà sí awò, inú ilé ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, kò kan MTN tàbí Airtel. Ohun tó ń jẹ dátà ni ká wa géèmù sọ̀kalẹ̀, nítorí géèmù ńlá kan lè tó 100 gígábáìtì, àti àtúnṣe tí awò fúnra rẹ̀ ń wá gbà. Ráútà ilé tó dára, tí a fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, tó sì wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú eléré, ló ń mú Air Link, ètò Wi-Fi ti Meta fúnra wọn, tàbí Virtual Desktop lọ geere. Ráútà kékeré tí à ń fi sápò kì í sábà tó.

NEPA ńkọ́? Bí iná bá lọ láàárín eré, nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ráútà á kú, àwòrán géèmù á sì já nínú awò. Laptop á bọ́ sórí bátìrì, á sì fà sẹ́yìn, nítorí káàdì àwòrán laptop kì í lo gbogbo agbára rẹ̀ lórí bátìrì. 72 á di 30, òòyì á dé. Wáyà USB ló gba ẹni tí iná rẹ̀ kò dúró là nínú ìṣòro àkọ́kọ́, kò nílò ráútà. Ti ìkejì ń béèrè ínfátà. Ṣájà laptop géèmù sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 200 wáàtì, ìlọ́po ọ̀pọ̀ fáànù ilé, nítorí náà ẹ ṣírò bátìrì ínfátà yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó tan jẹnẹrétọ̀ nítorí géèmù láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023.

Oòrùn náà jẹ́ ọ̀tá. Dígí inú awò ń kó ìtànṣán oòrùn jọ sójú kan, bí a bá gbé e sílẹ̀ ní fàráńdà tàbí lẹ́bàá fèrèsé tí dígí rẹ̀ kọjú sí oòrùn, ó lè jó ojú iná inú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí àtúnṣe fún un. Ẹ máa fi aṣọ bò ó.

Ara ni kò yẹ kí a fi ṣeré. Òòyì ń wá nígbà tí ojú bá ní à ń lọ tí omi inú etí sì ní a dúró. Ó máa ń dín kù bí ó bá ti ń mọ́ni lára, ṣùgbọ́n kì í ṣe nípa fífi orí lé e: ní ìgbà tó bá kọ́kọ́ ṣe yín bákan, ẹ bọ́ awò náà. Fáànù tó ń fẹ́ sójú ń ranni lọ́wọ́, ó sì ń jẹ́ kí a mọ ibi tí a kọjú sí. Ẹ wọn àárín ẹyinjú yín kí ẹ sì yí dígí bá a mu, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Meta fúnra wọn ní kí ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́wàá má lò ó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹkún ọmọ yí yín lọ́kàn padà.

Ohun mìíràn tí mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ ni géèmù tí à ń bá ẹlòmíràn ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. UEVR àti vorpX ń wọnú géèmù tó ń ṣiṣẹ́, bí àwọn ètò oníjìbìtì náà ṣe ń ṣe, àwọn tó ń ṣọ́ géèmù kì í sì í dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Wọ́n lè ti àkáǹtì náà pa. Géèmù àdáṣe nìkan ni kí ẹ lò wọ́n fún.

Ní tèmi o, ilé géèmù ló yẹ kí èyí ti bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà, kì í ṣe yàrá ẹnì kan. Kọ̀ǹpútà kan tó lágbára, awò kan tó wà lórí wáyà, àga tó dúró dáadáa, ìtọ́kọ̀ kan àti Assetto Corsa ti tó. Kí olówó ilé ra ojú ìbòrí oníròbà tó ṣeé nù lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí òógùn àti àrùn ojú, kó sì fún ẹni tó bá ń wọ̀ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ohun tí ẹni tó wọ awò ń rí máa ń hàn lójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, bí a bá sì so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ara ògiri, àwọn tó ń dúró á máa wo eré náà, wọ́n á máa pariwo ibi tí kò yẹ kó yà sí, tí àkókò tiwọn náà á fi tó.